Akàlùkìkì: Èdè-Ìperí fún Kíka Ìlùkìkì Ọkàn Ẹni tí ó Ń Gun Alùpùpù ní Òkè-Ògùn

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí ohun-èlò tuntun bá wọ ìlú, orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Bí orúkọ náà bá bá iṣẹ́ ohun-èlò náà mu, kíkọ́ni nípa rẹ̀ a rọrùn. Bí kò bá bá a mu, orúkọ a máa kọ́ ènìyàn ní ohun tí ohun-èlò náà kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè fara balẹ̀ wo ẹ̀rọ kékeré tí ó ń ka bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ agbára. Àwọn eléré-ìje alùpùpù ní òkè òkun ń wọ̀ ọ́ nígbà ìdánrawò, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ tí àwọn ènìyàn ń rà ní ọjà lóde òní.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ fún ìlò olùkọ́, ògbufọ̀ àti ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní alùpùpù gígùn. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: orúkọ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé kíkà ni ó ń kà. Kò gbọdọ̀ sọ pé ó ń yẹ ọkàn wò tàbí pé ó ń ṣọ́ ọkàn, nítorí pé ẹni tí ó bá gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

2.0 Alùpùpù àti ilẹ̀ tí ó ń rìn

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Àpáta àti òkè wà káàkiri rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ pupa tí òjò máa ń gbẹ́ ní kòtò, tí ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń sọ di yanrìn àti eruku. Alùpùpù ni ó ń kó iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo jáde láti ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Ẹni tí ó bá ń gùn ún ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò kàn jókòó. Ó ń dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀, ó ń fi ìtan há ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó ń di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ara rẹ̀ sì ń bá gbogbo kòtò wọ̀jà.

Iṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n sọ di eré-ìje ní òkè òkun. Ní oṣù kẹta ọdún 1924, wọ́n ṣe ìdíje kan ní Camberley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré-ìje alùpùpù orí ilẹ̀ gbágungbàgun. Ìdíje fún ipò aṣáájú ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní 1952, ti gbogbo àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ ní 1957. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín eléré-ìje àti ẹni tí ó ń kó iṣu láti oko wá sí Ṣakí ni pé ọ̀kan ń du ipò, èkejì ń du oúnjẹ òòjọ́. Ní ti ọkàn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, iṣẹ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn.

Orúkọ ẹ̀rọ gígùn yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Yorùbá ní orúkọ méjì tí ó gbajúmọ̀ fún un. Èkíní ni ọ̀kadà, tí ó wá láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dópin ní 1997. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu aráyé. Alùpùpù tí ń gbé èrò ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni alùpùpù. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni wọ́n fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lù àti ìró pùpù, tí í ṣe ìró tí ẹ̀rọ náà ń dún. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní ìgbìmọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Etí gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ẹnu sì fi ohun tí etí gbọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ìlànà yìí ni ó yẹ kí a tẹ̀ lé nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí.

3.0 Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Kí ọ̀rọ̀ tó lè bá iṣẹ́ mu, ó di dandan kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yé ni. Ní apá òkè ọ̀tún ọkàn, ibi kékeré kan wà tí ń tú agbára iná mọ̀nàmọ́ná wẹ́rẹ́ jáde. Iná yìí ń gba ara ọkàn kọjá, ọkàn sì ń sún kì láti fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Willem Einthoven, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ni ó ṣe ohun-èlò tí ó fi àkọsílẹ̀ iná ọkàn yìí hàn kedere ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Ohun-èlò tirẹ̀ tóbi débi pé ó gba odidi yàrá.

Ní Fínlándì ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun tí eléré-ìdárayá lè wọ̀. Seppo Säynäjäkangas dá ilé-iṣẹ́ Polar Electro sílẹ̀ ní 1977. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ní ọ̀já tí wọ́n ń so mọ́ àyà àti aago ọwọ́ tí ó ń gba iye tí ọ̀já náà kà láìsí okùn láàárín wọn. Títí di òní, irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Irú kìn-ín-ní ni ọ̀já-àyà, tí ń gbọ́ iná ọkàn láti ara awọ. Irú kejì ni aago ọwọ́ tí ó ń tan iná, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, sí awọ ọrùn ọwọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ sí i lábẹ́ awọ nígbà tí ọkàn sún kì, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà a dín kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ a pọ̀ sí i. Aago náà a wá ka ìyípadà wọ̀nyí.

Fún ẹni tí ó ń gun alùpùpù, ìyàtọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń di nǹkan mú pinpin. Ìmọ́lẹ̀ aago lè ka ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà mọ́ ìlù ọkàn. Ọ̀já-àyà ni ó sábà máa ń péye jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀já kò sì ṣàjèjì: ọ̀já ni ìyá fi ń gbà ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kí ó má baà yẹ̀, àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀já-àyà ti mọ̀ ná pé ohun tí wọ́n ń dì mọ́ ara ni, àti pé bí ó bá dẹ̀, kò ní ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

4.0 Ọkàn, àyà àti iṣan

Ìṣòro àkọ́kọ́ fún ògbufọ̀ ni pé ọkàn ń ru ẹrù púpọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ọkàn ni ẹ̀yà ara tí ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọkàn náà ni ibùjókòó èrò, ìfẹ́ àti ìgbàgbọ́. Ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odidi rẹ̀ parí ní 1884, tún fi ìdí ìtumọ̀ ti ẹ̀mí múlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí èyí, bí olùkọ́ bá sọ pé “ọkàn rẹ̀ yára,” akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ọlọ́pọlọ pípé ni ó ń sọ. Bí ìwé kò bá sì fi àmì ohùn sí i, ọkàn àti ọ̀kan yóò rí bákan náà lójú ìwé, pàápàá jù lọ nínú ìwé tí nọ́ńbà pọ̀ sí.

Ìṣòro kejì ni pé Yorùbá máa ń fi àyà sọ ìbẹ̀rù. Àyà a máa já, àyà a máa là, àyà a sì máa lù kìkì bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn. Ẹni tí ó ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù lè ní àyà tí ń já àti ọkàn tí ń ṣiṣẹ́ kára lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ kò yà wọ́n: iye kan náà ni yóò fi hàn, yálà ìbẹ̀rù ni ó fà á ni o, tàbí iṣẹ́. Èyí jẹ́ ọgbọ́n tí èdè ní tí ẹ̀rọ kò ní, ó sì yẹ kí olùkọ́ lò ó. Kí ó máa lo àyà jíjá fún ìbẹ̀rù, kí ó sì máa lo ìlùkìkì ọkàn fún ohun tí ẹ̀rọ kà.

Ìṣòro kẹta ni iṣan. Orúkọ kan yìí ni Yorùbá ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ẹran tí ń fún ara lágbára, àti okùn tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Nínú ẹ̀kọ́ alùpùpù, èyí lè dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀, nítorí pé iṣan apá ẹni tí ó di ọwọ́ alùpùpù mú pẹ́ máa ń le, tí ìka rẹ̀ a sì kú tipiri. Bí olùkọ́ bá sọ ní ìṣẹ́jú kan náà pé “ẹ fọwọ́ kan iṣan” àti pé “iṣan ti le,” ẹni tí ń gbọ́ kò ní mọ èwo ni èwo. Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni iṣan-ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan-ẹran fún èyí tí ń fún ara lágbára, àti iṣan-ìmọ̀lára fún ẹ̀kẹta.

5.0 Orúkọ ẹ̀rọ náà

Ọ̀nà mẹ́rin ni orúkọ ẹ̀rọ yìí lè gbà wá, ó sì yẹ kí a dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

(i) Ayẹ̀kànwò. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n yíyẹ ọkàn wò ní ìtumọ̀ mìíràn tí ó ti fìdí múlẹ̀, ìyẹn ni kí ènìyàn yẹ ìwà ara rẹ̀ wò. Èyí tí ó burú jù ni pé àyẹ̀wò jẹ́ iṣẹ́ dókítà. Ẹni tí ó bá wọ ayẹ̀kànwò tí ó rí 75 yóò gbà pé wọ́n ti yẹ òun wò àti pé òun kò ní àrùn. Iye tí ó dára lójú kò sọ bẹ́ẹ̀.

(ii) Aṣọ́kàn. Aṣọ́bodè ń dènà ọ̀tá, aṣọ́gbà ń lé olè. Ẹ̀rọ yìí kò dènà ohunkóhun. Bí ọkàn bá dàrú, yóò ka èyí tí ó lè kà níbẹ̀ ni.

(iii) Òǹkà-ìlùkìkì. Ó sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òǹkà ti di orúkọ nọ́ńbà nínú ẹ̀kọ́ èdè àti ìṣirò. “Òǹkà-ìlùkìkì rẹ̀ jẹ́ 130” yóò túmọ̀ sí iye. “Òǹkà-ìlùkìkì rẹ̀ já bọ́” yóò túmọ̀ sí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n kí ó tún jẹ́ ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n náà wọ̀n.

(iv) Akàlùkìkì. Àfòmọ́ a- wà níbẹ̀ bí ó ti wà nínú apẹja, akọrin àti adájọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kà. Ìlùkìkì ni àbọ̀ rẹ̀, fáwẹ̀lì ì rẹ̀ sì pa jẹ gẹ́gẹ́ bí ó ti pa jẹ nígbà tí kà àti ìwé di kàwé. Ìró kìkì ni Yorùbá fi ń sọ bí àyà ṣe ń lù tẹ́lẹ̀. Ní ìrísí àti ìró, akàlùkìkì bá alùpùpù dọ́gba, èyí yóò sì mú kí ó rọrùn láti rántí fún ẹni tí ó ń gun alùpùpù. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohùn rẹ̀: a- ohùn àárín ni olùṣe, bí ó bá di à- ohùn ìsàlẹ̀, àkàlùkìkì yóò jẹ́ iṣẹ́ kíkà náà fúnra rẹ̀.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkẹrin nìkan ni ó sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe láìfi nǹkan kún un. Òun ni ó yẹ.

6.0 Àwọn ọ̀rọ̀ ìdíwọ̀n

Ìlùkìkì kan ni sísún kì ọkàn lẹ́ẹ̀kan. Dókítà tí ó fi ohun-èlò sí àyà ń gbọ́ ìró méjì nínú ìlùkìkì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìlẹ̀kùn inú ọkàn ń tì ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ọrùn ọwọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìka ń mọ̀ ọ́n. Iye-ìlùkìkì ni iye ìgbà tí ọkàn lù láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìdí láti máa sọ “láàárín ìṣẹ́jú kan” ní gbogbo ìgbà bí wọ́n bá ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Iye-ìlùkìkì ìsinmi ni èyí tí wọ́n kà nígbà tí ara balẹ̀. Òwúrọ̀, kí ènìyàn tó dìde lórí ibùsùn, ni ó dára jù. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń wà láàárín 60 àti 100. Kí wọ́n kà á kí ẹni náà tó jẹ obì, nítorí pé obì ní kaféènì nínú, ó sì lè mú kí ọkàn sáré.

Iye-ìlùkìkì góńgó ni èyí tí ó ga jù tí ọkàn ẹni lè dé. Ìṣirò tí ó gbajúmọ̀ láti 1971 ni kí wọ́n yọ ọjọ́-orí kúrò nínú 220. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá òmíràn: kí wọ́n sọ ọjọ́-orí di ìlọ́po 0.7, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú 208. Fún ọmọ ogún ọdún, ti àkọ́kọ́ fúnni ní 200, èkejì fúnni ní 194. Fún ẹni ogójì ọdún, méjèèjì jẹ́ 180. Fún ẹni ọgọ́ta ọdún, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 160, èkejì jẹ́ 166. Ìfojúbù ni méjèèjì. Ọkàn ẹni kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ sí i.

Àlàfo-ìlùkìkì ni ohun tí ó kù bí wọ́n bá yọ ti ìsinmi kúrò nínú góńgó. Karvonen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fínlándì ni wọ́n so orúkọ wọn mọ́ ìlànà yìí láti 1957. Bí góńgó ẹni ọgbọ̀n ọdún bá jẹ́ 187, tí ti ìsinmi rẹ̀ sì jẹ́ 67, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 120. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo náà, yóò fi 72 kún 67, yóò sì jẹ́ 139.

Ìpele ni ìpín tí wọ́n pín iye-ìlùkìkì sí. Àwọn kan lè fẹ́ lo agbègbè, ṣùgbọ́n agbègbè jẹ́ ti ilẹ̀; ìpele ni ohun tí ń gòkè tí ó sì ń sọ̀. Márùn-ún ni ó wọ́pọ̀, láti ìdá 50 dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún góńgó, mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ìlò ìpele tún yanjú ìṣòro òǹkà Yorùbá. 144 jẹ́ mẹ́rìnlélógóje, 145 sì jẹ́ márùndínláàádọ́jọ. Ìlùkìkì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n orí 140 ni ènìyàn ti fò dé orí 150. Ẹni tí ó ń yà fún kòtò kò ní àyè irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, kí wọ́n kọ 145, lórí ọ̀nà, kí olùkọ́ pe ìpele: “ìpele kẹta,” “ìpele kẹrin.”

7.0 Ìlò ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀kọ́

Àtẹ ìpele tí ó wọ́pọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn asáré ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn agunkẹ̀kẹ́. Ti ẹni tí ó ń gun alùpùpù kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Fínlándì tẹ̀ jáde ní 2008, iye-ìlùkìkì àwọn eléré-ìje alùpùpù ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún góńgó lọ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gùn ún, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí ara wọn ń lò ń dín kù bí àkókò ti ń lọ. Dídi nǹkan mú pinpin àti ìfòyà lè gbé iye-ìlùkìkì sókè ju bí iṣẹ́ ara ti tó lọ. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn náà ń kópa: bí omi ara bá ti ń dín kù, iye-ìlùkìkì a máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ kò tilẹ̀ yí padà. Ẹni tí akàlùkìkì rẹ̀ fi 170 hàn ní ọ̀sán gangan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà tí ó fi 155 hàn ní òwúrọ̀.

Àpẹẹrẹ bí olùkọ́ tí ọjọ́-orí rẹ̀ kéré ṣe lè bá ọlọ́kadà tí ó jù ú lọ sọ̀rọ̀ nìyí:

Olùkọ́: Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Akàlùkìkì yín ti bọ́ sí ìpele karùn-ún.
Ọlọ́kadà: Ṣé ọkàn mi kò dáa ni?
Olùkọ́: Rárá, bàbá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Kíkà ni ó kà. Ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ oòrùn, ó sì lè jẹ́ pé àyà yín já níbi kòtò yẹn. Ẹ mu omi, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀ sí ìpele kejì kí a tó tún gbéra.
Ọlọ́kadà: Bí ó bá wá sọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti tán nìyẹn?
Olùkọ́: Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, ohun yòówù kí akàlùkìkì kà.

Ìdáhùn ìkẹyìn yìí ni ó fi ìwúlò orúkọ hàn. Bí ayẹ̀kànwò ni ẹ̀rọ náà ń jẹ́, gbólóhùn olùkọ́ náà yóò tako orúkọ rẹ̀, ọlọ́kadà yóò sì ní láti yan èyí tí yóò gbà gbọ́ nínú olùkọ́ àti ẹ̀rọ. Níwọ̀n bí ó ti ń jẹ́ akàlùkìkì, orúkọ àti ìmọ̀ràn fẹnu kò.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ náà kò pàdánù ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó fi ìka méjì sí iṣan-ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, ní ìhà àtàǹpàkò, kí ó kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá ka 31, iye-ìlùkìkì rẹ̀ jẹ́ 124. Ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò lò, nítorí pé ìka náà ti ṣe iṣẹ́ akàlùkìkì.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Láti 1970 tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ó ti hàn pé èdè náà lè gbé ìmọ̀ yìí. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó dúró fún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

ìlùkìkì: sísún kì ọkàn lẹ́ẹ̀kan;
iye-ìlùkìkì: iye ìgbà tí ọkàn lù láàárín ìṣẹ́jú kan;
iye-ìlùkìkì ìsinmi: ti ìgbà tí ara balẹ̀;
iye-ìlùkìkì góńgó: èyí tí ó ga jù tí ọkàn lè dé;
àlàfo-ìlùkìkì: ohun tí ó wà láàárín ti ìsinmi àti góńgó;
ìpele: ìpín kan nínú iye-ìlùkìkì;
ọ̀já-àyà: èyí tí wọ́n ń dì mọ́ àyà láti gbọ́ iná ọkàn;
iṣan-ẹ̀jẹ̀, iṣan-ẹran, iṣan-ìmọ̀lára: ìpín mẹ́ta tí iṣan ní;
akàlùkìkì: ẹ̀rọ tí ń ka ìlùkìkì.

Bí àwọn tí ó ń gun alùpùpù bá rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá iṣẹ́ mu jù wọ̀nyí lọ, tiwọn ni ó yẹ kí ìwé gbà. Ẹnu wọn ni alùpùpù ti wá, kò sì tíì ṣi ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.